Alájà ni mí, ẹnìkan sì pè mí ní Ìyá Síkírù

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé. Mo gé e kúrú, mo sì yí orúkọ ọmọ padà:

«Àlùfáà, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Mo ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ ń kiri. Lónìí mo ní ìsọ̀ méjì àti ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta, mo ti kọ́lé, mo ti lọ sí Mẹ́kà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì kí mi níwájú àwọn oníbàárà, ó ní ‘Ìyá Síkírù, ẹ kúùrọ̀.’ Inú bí mi, mi ò dá a lóhùn, torí gbogbo ọjà ló mọ̀ pé Alájà ni mí. Nígbà tí mo fẹ́ kírun alẹ́ ọjọ́ náà, ojú tì mí. Ó tún ti ṣẹlẹ̀ sí mi tẹ́lẹ̀: mo ra fáànù méjì fún mọ́sálásí àdúgbò, wọ́n gbàgbé láti dárúkọ mi ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dùn mí títí. Ṣé ìgbéraga nìyí? Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n máa sọ pé kì í ṣe agbára mi. Ṣùgbọ́n mo ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí. Ṣé kí n máa purọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí mo bá rẹ ara mi sílẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ mi àti àwọn tó jẹ mí lówó á gùn mí bí ẹṣin. Àti pé, ṣé kí n pa ‘Alájà’ rẹ́ lára pátákó ìsọ̀ mi?»

Alájà, mo kí yín o. Tinútinú ni mo fi pè yín bẹ́ẹ̀: ẹ fi owó yín lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín, ẹ ò jí oyè gbé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí mo dì mú jù nínú lẹ́tà yín ni «ojú tì mí.» Ẹni tí ìgbéraga ti jẹ tán, ojú kì í tì í lórí ẹní ìrun. Ńṣe ló máa kírun rẹ̀, á sàlámà, á sì tún jókòó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ oníbúrẹ́dì. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù jù.

Kí n tó sọ ti yín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má baà rò pé orí òkè ni mo jókòó sí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí síbi ìsọmọlórúkọ kan nínú ìlú yìí. Mo wọ agbádá, mo wé láwàní, mo dé. Wọ́n gbé àga oníke kan fún mi lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ àdúà, èéfín rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú. Ọmọkùnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ ní álífá ni wọ́n fún ní gbohùngbohùn. Alájà, mi ò fọwọ́ kan ìrẹsì ọjọ́ náà. Mo sọ fún ẹni tó gbé e wá pé inú ń run mí. Irọ́ ni, inú ń bí mi ni. Ìgbà tí mo wà lórí zémidjan, ọ̀kadà tiwa níbí, tí mò ń bọ̀ nílé, ni mo bi ara mi: àdúà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, ṣé kò ní gbà torí pé ohùn mi kò sí nínú rẹ̀ ni?

Kì í ṣe owó nìkan ló ń gun ènìyàn. Láwàní náà ń gùn ún.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún àwọn sàhábà rẹ̀ pé ẹni tí ìgbéraga bá wà lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe wù kó kéré tó, ìbáà ṣe bí èérún, kò ní wọ àlùjánnà. Ọ̀rọ̀ náà ba ọkùnrin kan lẹ́rù. Ó ní: ènìyàn sì máa ń fẹ́ kí aṣọ òun dára, kí bàtà òun dára. (Ìbéèrè oníṣòwò aṣọ gan-an.) Èsì tó rí gbà ni pé Ọlọ́hun rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà, ohun tí ń jẹ́ ìgbéraga ni kí ènìyàn kọ òtítọ́, kí ó sì fojú tín-ín-rín ọmọlàkejì. Hádíìsì tó wà nínú àkójọ tí Ímáámù Muslim ṣe ni, Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ló gbà á wá.

Léèsì yín ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn, àti góòlù, àti ilé tí ẹ kọ́. Mo mọ ẹni tó ń wọ àkísà tó ń gbéraga ju ọba lọ. Nǹkan méjì péré ló kù tí a fẹ́ yẹ̀ wò: òtítọ́ àti ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ oníbúrẹ́dì sórí ìwọ̀n yìí. Ṣé irọ́ ló pa? Ẹ bí Síkírù. Láàárín àwa Yorùbá, fífi orúkọ ọmọ pe ìyá, ọ̀wọ̀ ni, kò pe orúkọ àbísọ yín gbàgà lójú ọjà. Ìyẹn ti tán. Ó ku ti ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó mínísítà kan ló ti Kútọ́nù wá, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó na ọwọ́ sí aṣọ tó wọ́n jù ní ìsọ̀ yín, tó ní «Ìyá Síkírù, ẹ dín in fún mi», ṣé ẹ ò ní dá a lóhùn? Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa fa àga fún un, ẹ máa rán ọmọ lọ ra omi tútù. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì pè yín. Àtẹ búrẹ́dì tó wà lórí ọ̀kan ni kò sí lórí èkejì. Ibẹ̀ ló ti ń dùn yín.

Ọ̀rọ̀ tí Íbílísì sọ nígbà tí wọ́n ní kó forí kanlẹ̀ fún Ànábì Ádámù kò ju ìyẹn lọ: èmi sàn jù ú, iná lo fi dá èmi, amọ̀ lo fi dá òun. Súúrà 7, ẹsẹ 12. Kò sọ pé kò sí Ọlọ́hun. Ó mọ Ọlọ́hun, àní ó ń bá A sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ni kò lè gbé mì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé àwọn rẹlẹ̀ níwájú Ọlọ́hun, ti ènìyàn ni àwọn kò lè fara mọ́. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí Ọlọ́hun tí wọ́n máa rẹlẹ̀ níwájú Rẹ̀, bí kò bá ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí Ó fi amọ̀ dá?

Ẹ wá rántí Árafá, pápá tí gbogbo onímẹ́kà ń dúró sí. Ní ọjọ́ yẹn, ta ló pè yín ní Alájà? Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe Hájì lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin ró aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn, ẹ ò lè fi ojú mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ-ọ̀dọ̀. Oyè tó jẹ́ pé ibi tí gbogbo ayé ti ń bọ́ oyè sílẹ̀ la ti lọ gbé e bọ̀, ó yẹ kó máa pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìlú Mẹ́kà yìí kan náà ni Ànábì padà wọ̀ ní 630 pẹ̀lú ọmọ ogun bí 10,000, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tó ti fi ìlú náà sílẹ̀ lóru bí ẹni tí wọ́n ń wá. Ọjọ́ tí àwa ì bá fi lu ìlù, ìtàn sọ pé ńṣe ló tẹrí ba lórí ràkúnmí títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gàárì.

Ìbéèrè yín kejì ló dùn mọ́ mi jù, torí àwa oníwàásù ti sọ ọ̀rọ̀ náà dà rú. Ẹ má purọ́. Ẹ ṣiṣẹ́, ẹ sì sọ pé ẹ ṣiṣẹ́.

Kétu ni wọ́n bí mi. Orí òkè tó wà níbẹ̀, omi ilẹ̀ rẹ̀ jìn, kì í ṣe kàǹga tí ènìyàn ń ju korobá sí kó sì bomi kíá. Nígbà èwe wa, omi òjò la gbójú lé. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, ìyá mi àgbà ti ń pariwo: ẹ gbé ìkòkò síta! A ó to ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fọ inú wọn. Kì í jẹ́ ká tẹ́ ìkòkò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù dànù ná, á dúró sínú òjò, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó, kó tó ní ó yá. Bí gbogbo ìkòkò bá kún, á máa fi ọwọ́ gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní «Ọlọ́hun, o ṣé.» N kò gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun kọ́ lòun to ìkòkò. N kò sì gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun lòun rọ òjò. Ilé tó kángun sí tiwa, níbi tí wọ́n ti ń sùn, òjò kan náà rọ̀ sórí páànù wọn, ó ṣàn lọ sí gọ́tà.

Jíjí tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin, ìkòkò ni. Ẹ tò ó dáadáa, ẹ fọ inú rẹ̀, kò sí ohun tó ń tini lójú níbẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ yín kí àwọn náà lè gbé ti wọn síta. Ohun tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín ni ọ̀rọ̀ Kárúnù, ìyẹn olówó inú àwọn ènìyàn Ànábì Músà tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra rẹ̀ nìkan ń wọ àwọn alágbára lọ́rùn. Wọ́n ní kó má yọ ayọ̀ ìgbéraga, kó fi ohun tí Ọlọ́hun fún un wá ọ̀run, kó má sì gbàgbé ìpín rẹ̀ láyé. Ó dáhùn pé ìmọ̀ òun ni òun fi rí i. Ilẹ̀ gbé e mì pẹ̀lú ilé rẹ̀. Ó wà ní Súúrà 28. Kì í ṣe pé Kárúnù kò ní ìmọ̀ o. Ó ní in. Ìkòkò ló fi ń pe ara rẹ̀ ní òjò. Ànábì Sulaimọ́nù tó ní jù ú lọ fíìfíì, nígbà tó rí ìtẹ́ ayaba Sábà níwájú rẹ̀, ohun tó sọ ni pé ọlà Olúwa òun nìyí, láti fi dán òun wò bóyá òun máa dúpẹ́ tàbí òun máa ṣàìmoore. Ó rí ọrọ̀, ó ní ìdánwò ni.

Bí ẹ bá sì ń ṣe iyèméjì pé òjò wà, ẹ bi àwọn àgbà ọjà léèrè oṣù kìíní 1994, nígbà tí wọ́n gé owó sẹ́fà wa sí méjì sí ti Faransé. Oníṣòwò tó sùn pẹ̀lú owó tó lè ra ẹrù méjì ní òkè òkun jí bá owó ẹyọ kan. Òun náà ń jí ní aago mẹ́rin. Tàbí oṣù kẹjọ 2019 tí Nàìjíríà ti ẹnubodè, tó jẹ́ pé ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí ti Sẹ̀mẹ̀. Ẹ wà lọ́jà nígbà yẹn. Ẹ mọ àwọn tó gbọ́n jù yín lọ tí wọ́n kógbá wọlé.

Ẹ má wá torí ìyẹn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe fújà. Aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnìkan kò bá yin òun, òun á yin ara òun. Ẹ máa ń rí i bó ṣe ń mi orí. Ẹni tó ń sọ «èmi kò jẹ́ nǹkan kan» kí àwọn tó jókòó tì í lè ké pé «háà, Alájà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀», aláǹgbá náà ni, orin ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ fáànù kò le tó bẹ́ẹ̀. Súúrà kejì, ẹsẹ 271, sọ pé bí ẹ bá ṣe sàráà ní gbangba, ó dára. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí ẹ fi fún aláìní, ó dára jù fún yín. Nítorí náà, bí wọ́n bá dárúkọ yín, ẹ ṣe àmín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ ti bọ́ sínú èyí tó dára jù láìmọ̀, àwọn tó gbàgbé ló ṣe yín lóore. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́ tí àwọn ọmọ àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1912, èyí tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá yà á ní fọ́tò. Èmi máa ń wo ògiri yẹn, mo máa ń ronú nípa àwọn obìnrin tó gbọ́dọ̀ ti pọn omi tí wọ́n fi po yanrìn rẹ̀. Kò sí orúkọ wọn níbì kankan.

Ẹ ò bi mí pé kí lẹ máa ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbéèrè náà wà nínú àwọn yòókù. Ìforíkanlẹ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìrun ọ̀ranyàn márùn-ún lójúmọ́ jẹ́ rákà 17, ìforíkanlẹ̀ 34. Ìgbà 34 ni iwájú orí tí ẹ ń wé gèlè sí ń wà ní ìsàlẹ̀ ju ìdí lọ, lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe ìyẹn pẹ̀lú ọkàn, mi ò mọ bó ṣe máa rí ààyè gbéraga. Àmọ́ àwa ọlọ́jà ń ṣe é bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo, ojú wa wà lára oníbàárà tó ń kọjá. Ẹ fà á gùn díẹ̀. Bí ìròyìn ayọ̀ bá dé, bóyá ẹrù yín wọlé láìsí ìṣòro, ẹ forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tábìlì ìsọ̀ yín kí ẹ tó gbé tẹlifóònù láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ànábì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ohun ìdùnnú bá bá a.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá ìwọnṣọ. Bí ọmọ-iṣẹ́ tó kéré jù bá sọ níwájú oníbàárà pé, «Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yìí kò pé ọ̀pá mẹ́fà», ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá bọ́ lẹ́nu yín, kí ẹ tó ráyè ronú, ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ọmọ náà gbé wá, ẹni tó sì gbé e wá ni ẹ̀ ń fún lóúnjẹ. Bí ẹ bá lè sọ pé «o ṣeun, mú un wá ká tún un wọ̀n», ohùn yín kò sì yí padà, tí ẹ kò sì fìyà rẹ̀ pa mọ́ di alẹ́, mi ò rò pé ẹ nílò ìwàásù tèmi mọ́. Èyí ni mo rí pé ó le jù fún àwa tí a ti di ọ̀gá. Sàráà rọrùn jù ú lọ.

Ẹ lè máa gbálẹ̀ ìsọ̀ fúnra yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àíṣà, ìyàwó Ànábì, sọ pé inú iṣẹ́ ilé ni Ànábì máa ń wà bó bá ti wà nílé, ó sì máa ń tún bàtà ara rẹ̀ rán. Ẹ má ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ti àwọn tó fẹ́ gùn yín bí ẹṣin. Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú gbogbo Àlùkùránì, Súúrà kejì, ẹsẹ 282, kì í ṣe lórí ìrun, kì í ṣe lórí ààwẹ̀. Kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé: ẹ kọ ọ́, ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ìbáà kéré ìbáà pọ̀. Ọlọ́hun tó ní kí ẹ forí kanlẹ̀ ló tún ní kí ẹ fi gègé kọ owó yín sílẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní «ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Mẹ́kà, ẹ tún ń kọ gbèsè», ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an la ti rí i. Ẹsẹ méjì ṣáájú ìyẹn ló sọ pé bí ọwọ́ ajigbèsè bá há, kí ẹ fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí ẹ bá sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, ó dára jù fún yín. Ẹ wo ìwé yín dáadáa. Opó tí kò ní, ẹ fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, kí ẹ má sì dúró gbọ́ ẹ ṣeun. Ẹni tó ní, tó ń fi owó yín ṣe ìnáwó, ẹ lọ bá a, kì í ṣe ní ọjọ́ ìnáwó rẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ariwo.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí nígbà tí ẹ ń kiri ẹ̀pà, ẹ ṣì máa kúnlẹ̀ kí i. Bí ó bá tọrọ owó tí ẹ kò fẹ́ fún un, orí ìkúnlẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ fún un pé kò sí.

Ọmọ oníbúrẹ́dì, ẹ má ránṣẹ́ pè é wá sí ìsọ̀. Ẹ rìn lọ bá a níbi tó bá jókòó sí. Ẹ ra búrẹ́dì, iye tó bá pè é ni kí ẹ san, ẹ má lé e, torí bí ẹ bá fún un ní 2,000 sẹ́fà lórí búrẹ́dì 200, ẹ ti tún di ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé: «Lọ́jọ́sí o kí mi, mi ò dáhùn. Má bínú.» Ó ṣeé ṣe kó má rántí rárá. Ìyẹn lè dùn yín ju kó rántí lọ. Ẹ fara dà á.

Ti pátákó, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀dà wọ́n, àwọn oníbàárà tó ń ti Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ wá sì ti fi dá ìsọ̀ yín mọ̀.